Acha Kì í Ṣe Oúnjẹ Aláìní
Ẹ̀yin ìyá wa ní Naraguta, ẹni tó ń pe acha ní oúnjẹ aláìní, irọ́ ló ń pa! Nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó àlìkámà wọlé ní 1987, búrẹ́dì gbówó lórí. Acha orí òkè Jos kò retí ọkọ̀ ojú omi kankan. Kò sì ní gluten, èròjà inú àlìkámà tó ń ba ìfun àwọn tí ara wọn kọ̀ ọ́ jẹ́. Yanrìn rẹ̀ nìkan ni wàhálà. Ẹ ṣàn án léraléra. Kéèkì rẹ̀ kì í wú bíi ti àlìkámà, ẹyin ni yóò dì í mú. Ẹ wá wo àríyá ẹgbẹ́ wa: chin-chin, mít-páì, semo, àlìkámà ni gbogbo rẹ̀. Àkàrà àti ẹ̀kọ dà? Kí ni kí ọmọ tí ìfun rẹ̀ kọ àlìkámà jẹ níbẹ̀, omi?