Ọ̀rọ̀ Lórí 'Amúlétutù' Inú Ọkọ̀

'Amúlétutù' ti wọ èdè dáadáa. Kò sí ẹni tí ó lè gbà á lẹ́nu aráàlú mọ́, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ físíìsì bá dé orí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí ó wà nínú ọkọ̀, èyí tí àwọn mẹ́kíníìkì ń pè ní AC, orúkọ náà a máa da iṣẹ́ rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Pé ọkọ̀ kì í ṣe ilé ni ó kéré jù nínú àléébù rẹ̀. 'Amọ́kọ̀tutù' ìbá ti tún ìyẹn ṣe. Inú 'tutù' gan-an ni ìṣòro wà.

Aṣọ tí ó bọ́ sómi, aṣọ tutù ni. Omi inú àmù náà tutù. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá ń lò fún ọ̀rinrin àti òtútù. Ẹ̀rọ yìí, ní tirẹ̀, ń gbẹ afẹ́fẹ́ ni. Omi tí ń kán tó-tó lábẹ́ ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan, inú afẹ́fẹ́ tí àwọn èrò ń mí ni ó ti wá. Nítorí èyí ni awakọ̀ ṣe ń tan AC lásìkò òjò, kí kùrukùru má baà bo gíláàsì iwájú.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà kì í dá òtútù sílẹ̀. Ooru ni ó ń kó jáde. Nínú ọkọ̀ tí ń lo bẹntiróòlù, ẹ́ńjìnnì ń fi bẹ́líìtì yí ẹ̀yà kan tí ń fún gáàsì pọ̀. Gáàsì náà yóò gbóná janjan, yóò sì lọ sínú àwọn páìpù tí ó wà níwájú rédíétọ̀. Atẹ́gùn yóò gba ooru rẹ̀ níbẹ̀, gáàsì yóò sì di olómi. Olómi yìí yóò gba ojú ihò tóóró kọjá, ìfúnpọ̀ rẹ̀ yóò dẹ̀, yóò sì hó nínú páìpù ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. R-134a, tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní àwọn ọdún 1990, a máa hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 26 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, bí kò bá sí ìfúnpọ̀ ju ti afẹ́fẹ́ lásán lọ. Kí ó tó hó, ó gbọ́dọ̀ gba ooru. Ọwọ́ afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ni ó ti ń gbà á.

Ooru, nígbà náà, ni ó yẹ kí orúkọ àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí máa tọ́ka sí: 'atú-ooru' fún ti iwájú, 'afa-ooru' fún ti inú. 'Afúngáàsìpọ̀' lè dúró fún ẹ̀yà tí bẹ́líìtì ń yí, bí ó tilẹ̀ gùn díẹ̀ lẹ́nu.

Ìwúlò wọn hàn jù nígbà tí a bá dé orí amọ́kọ̀gbóná, tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ní Èkó kì í fọwọ́ kàn. Òun kò dá iná kankan. Omi gbígbóná tí ń gbé ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì ń gba inú rédíétọ̀ kékeré kan kọjá, fáànù sì ń fẹ́ ooru náà wọlé. Atú-ooru mìíràn ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ gbóná jù nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, mẹ́kíníìkì tí ó mọṣẹ́ yóò ní kí awakọ̀ pa AC, kí ó sì tan amọ́kọ̀gbóná dé òpin. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti mọ 'atú-ooru' yóò rí i pé ooru ẹ́ńjìnnì rí ọ̀nà mìíràn gbà jáde. Èyí tí kò mọ̀ ju 'amúlétutù' lọ yóò rò pé mẹ́kíníìkì náà ń ṣe àwàdà.