Àká Tí Ń Gbà Tí Kì Í Dá Padà

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ láàrin àwọn ọ̀làjú wa tí wọ́n fẹ́ràn orin àtijọ́. Wọ́n ní ewu ti kọjá lórí orin náà. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe pariwo mọ́ pé rẹ́kọ́ọ̀dù ń há tàbí pé kásẹ́ẹ̀tì ń já, nítorí pé àwọn ti kó orin Hárúnà Ìṣọ̀lá, ti Yusuf Ọlátúnjí, ti I. K. Dáíró àti ti Àyìnlá Ọmọwúrà sínú háàdì dírááfù tí ó wà nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àwọn. Bí wọ́n bá ti ṣí ọkọ̀, orin dé. Nígbà tí wọ́n bá sì ti kó o síbẹ̀ tán, wọn a da àwo àtijọ́ sí ààtàn. Ohun tí a fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí kò lọ́jú pọ̀: ibi ìgbádùn ni háàdì dírááfù inú ọkọ̀, kì í ṣe ibi ìpamọ́. Ẹni tí ó bá tìtorí rẹ̀ da àwo nù, ìtàn Yorùbá ni ó ń dà nù.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ní ọdún 1956 ni ilé-iṣẹ́ IBM ti Amẹ́ríkà gbé irú ẹ̀rọ yìí jáde fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwo 50 ni ó wà nínú rẹ̀, ó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ, síbẹ̀ nǹkan bí mílíọ̀nù 5 lẹ́tà péré ni ikùn rẹ̀ gbà. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń kéré lára tí ikùn rẹ̀ sì ń tóbi sí i. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Jámánì dá ọgbọ́n MP3, tí orin tí ó ń gba àyè 11 tẹ́lẹ̀ fi lè gba àyè 1. Ní ọdún 1999, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ta empeg, ẹ̀rọ orin oníháàdì dírááfù tí a lè kì bọ ojú rédíò ọkọ̀. Nígbà tí ó fi di nǹkan bí ọdún 2007, Chrysler ti ń kan èyí tí ó gba gígábáìtì 20 mọ́ ọkọ̀ láti ilé-iṣẹ́ wá, tí wọ́n pè ní MyGIG. Ti Cadillac CTS ti ọdún 2008 sì gba 40. Bí a bá fi orin MP3 nìkan kún gígábáìtì 20, ó lè máa kọrin tọ̀sán-tòru fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì láì tún ẹyọ kan kọ.

A kò bá ẹ̀rọ jà. Ẹni tí ó bá wà nínú gò-sílóò ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí àpàlà sì ń rọra dún sí i létí, kò jẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Òótọ́ sì ni pé oòrùn máa ń ká rẹ́kọ́ọ̀dù kò, pé ebu máa ń bo kásẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n kí ohun kan dùn mọ́ni lónìí yàtọ̀ sí kí ó bá ọmọ wa lọ́la.

Àléébù kìíní ni pé àká yìí ń gbà, kì í dá padà. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ni a ṣe lọ́nà tí wọ́n fi lè da orin kọ láti inú síìdì, ṣùgbọ́n tí wọn kò ní jẹ́ kí a dà á kọ jáde. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí: ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ kò fẹ́ kí olórin pe òun lẹ́jọ́ pé òun ń ran olè lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà tọ́ lójú ẹni tí ó ṣe ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó túmọ̀ sí fún àwa. Bí a bá ta ọkọ̀, a ta orin mọ́ ọn. Bí olè bá gbé ọkọ̀, ó gbé orin lọ. Bí baba bá sùn tí àwọn ọmọ sì ta ọkọ̀ rẹ̀ láti fi ṣe òkú, orin tí baba fi ogójì ọdún kó jọ di ti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, tí yóò sì pa á rẹ́ kí ó lè rí àyè kó tirẹ̀ sí.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìkú. Àwo inú rẹ̀ ń yí kíákíá, orí tí ń kà á sì ń fò lókè rẹ̀ ní ìwọ̀n tí ó tín-ín-rín ju irun orí lọ dáadáa. Àwọn tí ó ṣe é fún ọkọ̀ gbìyànjú kí ìjanpata má ba à jẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí ń yí kò lè ṣe kí ó má gbó. Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ pàápàá ti ń kọ̀ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ti yí sí irú èyí tí nǹkan kan kì í yí nínú rẹ̀. Àwọn tòkunbọ̀ ọdún 2007 tàbí 2008 tí wọ́n ṣì ń rìn ní títì wa ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ẹ̀rọ orin wọn bá dákẹ́, rewáyà yóò yọ ọ́ kúrò, yóò fi rédíò tuntun alójú gbàgàdà sí i, ó parí. Ta ni yóò béèrè ohun tí ó wà nínú èyí tí ó yọ?

Àléébù kejì ni ó dùn wá jù, nítorí pé ó kan orúkọ. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí kò mọ ilé wa. Bí a bá ti síìdì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, iye orin tí ó wà lórí rẹ̀ àti bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó ni ó ń kà, tí ó sì ń wá irú rẹ̀ nínú àkójọ orúkọ tí Gracenote, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, ṣe. Síìdì tí àwọn ọlọ́jà tún tò bí ó ti wù wọ́n, níbo ni yóò ti bá irú rẹ̀ pàdé? Ohun tí ó ń kọ sójú ni pé òun kò mọ olórin, pé orin kìíní nìyí. Àgbà olórin tí ó ki gbogbo ìlú lóríkì wá di ẹni tí kò lórúkọ.

Bí a bá tilẹ̀ fi ọwọ́ ara wa kọ orúkọ náà, ìyà kò tán. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣètò bí a ó ṣe máa kọ orúkọ mọ́ ara MP3 ní ọdún 1996, àyè lẹ́tà 30 ni wọ́n fún olórin. «Alhaji Sikiru Ayinde Barrister» jẹ́ 30 gẹ́lẹ́ pẹ̀lú àlàfo rẹ̀. Bí a bá fi «Dókítà» kún un, nǹkan gbọ́dọ̀ gé. Wọ́n ti mú un gbòòrò láti ọdún 1998, ṣùgbọ́n àmì ohùn ṣì ń di àpótí òfìfo lójú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀. Ẹni tí ó bá sì kọ ọ́ láìlámì, kí ni ó kọ? Bí «OKO» bá yọ lójú ẹ̀rọ, ṣé oko tí à ń lọ ni, tàbí ọkọ́ tí a fi ń ro ó, ọkọ tí ó ni ìyàwó, ọ̀kọ̀ ọdẹ, tàbí ọkọ̀ tí ó gbé ẹ̀rọ náà gan-an?

Ẹ gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí èèpo rẹ́kọ́ọ̀dù ń sọ. Orin Hárúnà Ìṣọ̀lá tí ó jáde ní ọdún 1971, Oroki Social Club, orúkọ ẹgbẹ́ afẹ́ kan ní Òṣogbo ni ó gbé dání, Òróki sì ni oríkì ìlú náà. Ní ọdún 1969, Hárúnà àti I. K. Dáíró dá ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù STAR sílẹ̀, kí olórin adúláwọ̀ lè ni iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ara bébà róbótó tí ó wà láàrin àwo ni irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ wà: orúkọ ilé-iṣẹ́, nọ́ńbà àwo, orúkọ ẹni tí ó ni orin. Háàdì dírááfù gba ohùn, ó fi ẹ̀rí sílẹ̀. Ó dà bí ẹni tí ó kó ọmọ wálé tí ó gbàgbé láti béèrè orúkọ bàbá rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kí a má yọ ara wa lẹ́nu, pé gbogbo rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ta ni ó gbé e síbẹ̀? Ẹni tí ó ní àwo lọ́wọ́ ni. Bí gbogbo wa bá da àwo sí ààtàn, kí ni a ó fi tún èyí tí ó bàjẹ́ ṣe? Ní ọdún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, kọ orin Yorùbá sínú àwo Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, a sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ títí di òní, nítorí pé wọ́n tẹ àwo náà káàkiri, àwọn kan sì tọ́jú tọwọ́ wọn. Bí ó bá jẹ́ pé inú ọkọ̀ àlùfáà náà nìkan ni orin yẹn wà, ta ni ì bá gbọ́ ọ lónìí?

Nítorí náà, ẹ máa gbádùn orin nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n kí ti inú ọkọ̀ jẹ́ ẹ̀dà, kí ó má ṣe jẹ́ ìyá. Kí ẹ̀dà mìíràn wà nílé, kí òmíràn sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ kọ orúkọ olórin, ti àwo, ti ọdún àti ti àwọn onílù sínú ìwé, pẹ̀lú àmì ohùn. Ẹ má da àwo nù. Ẹni tí kò bá ní àyè fún un mọ́, kí ó gbé e fún ilé-ìkàwé. Ilé-ìkàwé yunifásítì tí ó bá sì ní àyè fún ìwé tí kò ní fún àwo orin, kò tíì mọ ohun tí ìwé Yorùbá jẹ́, nítorí pé ẹnu ni àwọn baba wa fi kọ tiwọn.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Gígábáìtì inú ọkọ̀ ni aṣọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lówó lè rà á. Àwo tí ó ti há, tí èèpo rẹ̀ ti ya, ni àkísà. Kò sí ọjà tí a ti ń rà á padà bí a bá ti dà á nù.