NÍBO NI KÍ Á TI JẸUN ỌDÚN YÌÍ?

Iṣẹ́ akọ̀wé ni ẹ gbé lé mi lọ́wọ́, iṣẹ́ akọ̀wé kò sì fi àyè gba ẹnu. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, èmi ní láti máa kọ ohun tí ẹ ń sọ sínú ìwé. Kí n tó gbé kálámù sílẹ̀ kí n sọ tèmi, alága ti kan tábìlì, a ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìdí nìyí tí mo fi tọrọ àyè nínú ìwé ẹgbẹ́ wa ní oṣù yìí, kí n lè sọ èrò ọkàn mi lórí ọ̀rọ̀ àsè òpin ọdún tí a kò rí parí ní ìpàdé tí ó kọjá.

Ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Àwọn kan ní kí á tún lọ sí ilé ọtí tí a lọ ní èṣí, nítorí pé àgbàlá rẹ̀ fẹ̀, ó ní iná, ó sì ní orin. Àwọn kan dákẹ́. Ohun tí mo kọ sínú ìwé ìpàdé ni pé, “Ọ̀pọ̀ fọwọ́ sí i.” N kò purọ́, ṣùgbọ́n èmi tí mo jókòó tí mo ń wo ojú ènìyàn mọ̀ pé ìdákẹ́ àwọn tí ó dákẹ́ kì í ṣe ìfọwọ́sí. Ọwọ́ mi ni owó ẹgbẹ́ ń gbà kọjá. Mo mọ iye àwọn tí ó san owó àsè ní èṣí tí wọn kò fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Bàbá àgbà kan wà nínú wa, Alhájì ni, ẹni tí kì í jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè. Ó fi owó tirẹ̀ rán ọmọ sí mi, ó ní kí n bá òun kí gbogbo ilé. Kò wá. A jẹ, a mu, a jó, kò sí ẹni tí ó bèèrè rẹ̀. Èmi pàápàá kò bèèrè, àfi ní ọjọ́ kejì tí mo ń ṣe ìṣirò owó tí mo rí orúkọ rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé kí á fi ilé ọtí sílẹ̀ ní ọdún yìí, kí á wá bùkà tí ó dára, kí gbogbo wa sì jẹun níbẹ̀. Ẹ má tíì bínú sí mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ohun tí àwọn kan máa ń sọ ni pé kò sí bùkà gidi mọ́ ní Sábọ̀n Gàrí. Ó wà. A kò wá a ni. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Agùnbánirọ̀ ni, Kánò ni wọ́n sì gbé e wá. Ó ní, “Bàbá, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti fẹnu kan àmàlà.” Ìyàwó mi kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Nítorí pé mo fẹ́ ṣe ọmọ náà ní àlejò ńlá, mo mú un lọ sí ilé oúnjẹ tuntun kan tí ó ní fèrèsé gíláàsì, tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ amúlétutù. Wọ́n fún wa ní ìwé tí wọ́n kọ orúkọ oúnjẹ sí. Àmàlà tí wọ́n gbé wá wà nínú ọ̀rá, ó ti tutù, ó sì ti le. Gbẹ̀gìrì rẹ̀ jẹ́ omi. Ẹran rẹ̀ kò ju ohun tí ìka méjì lè bò mọ́lẹ̀. ₦9,000 ni mo san fún àwa méjèèjì, ọmọbìnrin tí ó gba owó náà kò sì wo ojú wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ẹ ṣé, sà,” bí ọmọ tí a kọ́ dáadáa. Mo mọ̀ pé ebi ṣì ń pa á.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ bèèrè níbi tí ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ bèèrè, lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ tí ń ná ọ̀nà Ìbàdàn sí Kánò. Awakọ̀ kì í jẹ oúnjẹ burúkú lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ó mọ ohun tí inú rírun jẹ́ lórí ọ̀nà tí ó jìn tó èyí. Ọ̀kan nínú wọn ló júwe ìyá kan fún wa lẹ́yìn àwọn mẹkáníìkì. Páànù ni orí ilé rẹ̀, bẹ́ǹṣì pákó ni ìjókòó, kò sí fáànù. Ṣùgbọ́n ìyá náà ń ro àmàlà bí a ti ń wọlé, èéfín ń jáde lára rẹ̀, ó sì kí wa kí ó tó bèèrè ohun tí a fẹ́. A jẹ àbùlà: ewédú, gbẹ̀gìrì, ọbẹ̀ ata, ṣàkì, pọ̀nmọ́ àti ẹran tí ó ní ọ̀rá díẹ̀ lára. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Kò sọ̀rọ̀ títí abọ́ fi mọ́. Owó tí a san kò tó ìdajì ti àná.

Abọ́ àti ìkòkò ni mo ń tà, nítorí náà mo mọ ohun kan nípa àwọn olóúnjẹ tí ẹni tí ń ta aṣọ lè má mọ̀. Obìnrin tí ó ń wá pààrọ̀ ìkòkò ńlá lọ́dọọdún, ọjà rẹ̀ ń tà, iná sì ń jó ìkòkò rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tí ó ra ìkòkò kan láti ọdún mẹ́fà, tí ìkòkò náà ṣì ń dán, ẹ máa ṣọ́ra fún un. Mo tún ń wo agogo. Bùkà tí oúnjẹ rẹ̀ ti tán ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, tí ìyá olóúnjẹ ní kí ẹ padà wá lọ́la, ẹ padà lọ lọ́la. Èyí tí oúnjẹ kì í tán nínú rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di agogo mẹ́sàn-án alẹ́, oúnjẹ àná wà nínú rẹ̀. Kí ẹ tó jókòó, ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Mo ti dìde kúrò nídìí oúnjẹ nítorí omi ìfọbọ́ rí, n kò sì tọrọ àforíjì.

Ọ̀rọ̀ èlùbọ́ ṣòro díẹ̀, mo gbà. Ọ̀nà jíjìn ni èlùbọ́ dáadáa ti ń bọ̀, láti Ṣakí àti àgbègbè Ọ̀yọ́, owó ọkọ̀ sì ń wọ́n. Àwọn kan ń fi láfún lú u kí ó lè pọ̀. Ojú àmàlà bẹ́ẹ̀ máa ń funfun, a sì máa fà mọ́ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá se gbẹ̀gìrì tí ó dà bí omi ní Kánò kò ní àwáwí kankan. Ọjà Dáwánáù wà níbí, níbi tí ẹ̀wà ti ń kún ọkọ̀ ńláńlá lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Ẹ̀wà tí wọ́n fi ń se gbẹ̀gìrì tí a fi ń yin Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín kọjá. Tòmátì ń bọ̀ láti Kúrà àti Kádáwà, ẹran wà níbí, àlùbọ́sà wà níbí. Ní ọdún 2021, lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣà ní Ìbàdàn, nígbà tí àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù láti Òkè Ọya dá ọkọ̀ wọn dúró, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé bí owó ẹran àti àlùbọ́sà ti fò sókè. Ohun ọbẹ̀ wà nítòsí wa ju bí ó ti wà nítòsí wọn lọ.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tí kì yóò dùn mọ́ àwọn kan nínú wa. Ẹlòmíràn ti lo ogún ọdún ní Kánò, kò tíì jẹ tùwó rí. Ó ní oúnjẹ Gàḿbàrí ni. Kí ni míyàn kúkà tí wọ́n fi ń jẹ tùwó bí kì í bá ṣe ọbẹ̀ lúrú tí àwọn ìyá wa ń sè ní Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́? Ewé osè kan náà ni. Dàdàwá wọn ni irú wa, kósàí wọn ni àkàrà wa, ewédú pàápàá ń hù ní oko wọn, wọ́n sì ń sè é. Ẹni tí ó bá ń wá oúnjẹ tí kò wọ́n, kí ó lọ jókòó lọ́dọ̀ obìnrin tí ń ta tùwó ìrẹsì ní ẹ̀bá ọ̀nà ní ọ̀sán. Kí ó mu fúrà àti nónò lé e. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Kánò ní 1911 ni àwọn ènìyàn wa ti ń tẹ̀lé e wá síbí. Ó yẹ kí ẹnu wa ti mọ ibi tí a wà. Àwọn Haúsá tí ó wà ní Sábó ní Ìbàdàn ń jẹ àmàlà o, mo ti rí wọn.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ilé ọtí. Èmi kì í ṣe lèmọ́mù, n kì í sì í ṣe pásítọ̀. Mo ń mu ìgò kan ní alẹ́ Sátidé, nígbà mìíràn méjì, ìyàwó mi sì mọ̀. Ilé ọtí tí mo yàn, mo yàn án nítorí pé ojú mi ni wọ́n ti ń ṣí ìgò, orin rẹ̀ kò dí mi lọ́wọ́ ọ̀rọ̀, ẹni tí ó ni í kò sì jẹ́ ta ìgò kẹta fún mi ní àwìn. Mo gbà pẹ̀lú pé kò sí bùkà tí ó lè se ata ewúrẹ́ bí ti àwọn ilé ọtí. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ní kí á padà síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ènìyàn kan lè lọ fún ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ibi tí ẹgbẹ́ lè kó gbogbo ọmọ rẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí Kánò ti gba òfin Ṣàríà ní ọdún 2000 ni ọtí ti di ọ̀rọ̀ ìjọba níbí. Hisbah, tí òfin dá sílẹ̀ ní 2003, a máa gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ ọtí, wọn a sì fọ́ ìgò ní gbangba. Ní 2020 ìgò tí wọ́n fọ́ sún mọ́ mílíọ̀nù méjì. Sábọ̀n Gàrí ni ilé ọtí ṣì kù sí, a sì ń fi ọgbọ́n mu. Ta ni nínú wa tí ó gbàgbé alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kéje ọdún 2013, tí bọ́ǹbù bú ní àdúgbò àwọn ilé ọtí wọ̀nyí? N kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Mo kàn ń sọ pé ẹni tí kò fẹ́ jókòó síbẹ̀ ní ìdí, ì báà jẹ́ ti ẹ̀sìn, ì báà jẹ́ ti ọmọ kékeré tí ó fẹ́ mú dání. Ìdajì ẹgbẹ́ wa ni Mùsùlùmí. Owó wọn wà nínú àpò tí a fi san owó ọtí ní èṣí. Èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì mọ iye rẹ̀.

Ohun tí mo ń dá lábàá nìyí. Kí á lọ bá ìyá tí mo sọ, tàbí ẹlòmíràn bíi tirẹ̀, ní oṣù kan ṣáájú. Kí á fún un ní ìdajì owó, kí ó lè ránṣẹ́ sí ilé fún èlùbọ́ tí kò lábùlà. Ọjọ́ Àìkú ni kí ó jẹ́, lẹ́yìn ìsìn àti lẹ́yìn ìrun Àílà, kí àwọn tí ó fẹ́ kírun Àsárì lè tètè lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ibẹ̀ kéré, ṣebí ẹgbẹ́ ní ìbòòrùn àti àga tirẹ̀? Kí á gbé wọn lọ síwájú bùkà náà. Kí á ra sóbò àti kúnú àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Mo ti bèèrè lọ́wọ́ ìyá náà ibi tí ó ti ń ra ẹran: ọwọ́ àwọn alápatà Mùsùlùmí ni, kò sì jẹ́ kí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ dé ìdáná rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ oníjọ Onítẹ̀bọmi ni òun fúnra rẹ̀. Nígbà ààwẹ̀ ọjà rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀ ń gbààwẹ̀. Owó àsè wa yóò ṣe é láǹfààní ju bí yóò ti ṣe onílé ọtí lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ mu ìgò tirẹ̀ lẹ́yìn náà, kí ó lọ pẹ̀lú owó àpò rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ bá èmi náà níbẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá mọ bùkà tí ó dára ju èyí lọ, kí ó wá sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, kí ó sì rí i pé òun ti jẹun níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. N ó kọ gbogbo orúkọ náà sílẹ̀ fún alága. Ní ti Alhájì, èmi fúnra mi ni n ó lọ sọ fún un nílé.