Àwòrán Nìkan Kò Tó

Nínú àwòrán ẹ̀tọ́ àwọn olùhùmọ̀ àtijọ́, ọ̀pọ̀ alùpùpù wà tí ẹnikẹ́ni kò ṣe jáde rí. Èyí tí wọ́n tilẹ̀ ṣe lè pẹ́. Ní 1884, Edward Butler pàtẹ àwòrán alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní London. 1888 ni ó tó ṣe é. Ní 1885, Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach ti ṣe tiwọn ní Jámánì.

Dáfídì kò kọ́ tẹ́ḿpìlì. Síbẹ̀, àwòrán pẹ̀lú wúrà ni ó fi lé Sólómọ́nì lọ́wọ́. Ẹ̀yin òbí àti akẹgbẹ́ wa, àwọn ọmọ wa ń yàwòrán ní kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí a ra irin àti irinṣẹ́ fún wọn.