Ẹ̀rọ Ń Kọ Ọ́ Sílẹ̀, Ta Ni Yóò Kà Á?

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn ńlá mẹ́rin tí wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Orúkọ wọn ni SAT-3, ACE, WACS àti MainOne. Irú okùn bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì láti ilẹ̀ Yúróòpù wá sí etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Bí wọ́n ti bàjẹ́, íntánẹ́ẹ̀tì di ìṣòro ní Côte d'Ivoire, ní Gánà, ní Nàìjíríà, ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Àwọn báńkì kan kò lè dá oníbàárà lóhùn. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tí kò rí ọ̀nà gbà.

Ohun kan yẹ fún àkíyèsí nínú ọ̀rọ̀ irú okùn bẹ́ẹ̀. Kò di ìgbà tí ènìyàn bá wọ inú òkun lọ kí wọ́n tó mọ ibi tí ó ti já. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń rìn nínú okùn náà, ó ń gba inú fọ́nrán tín-ín-rín bí irun orí. Bí okùn bá já, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ á ta ìmọ́lẹ̀ sínú rẹ̀ láti etíkun. Ìmọ́lẹ̀ náà á lọ títí dé ojú ibi tí okùn ti já, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì padà wá. Ẹ̀rọ á kọ iye àkókò tí ó lò ní àlọ àti àbọ̀. Àkókò yìí ni wọ́n fi ń ṣírò bí ibẹ̀ ti jìnnà tó. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú omi tí ń tún okùn ṣe á tó gbéra. Lọ́dún 2024 náà, iṣẹ́ àtúnṣe gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ni ó jókòó de ọkọ̀. Okùn mìíràn wà tí kò já, èyí tí a ń pè ní Equiano, tí ó gúnlẹ̀ sí Lomé ní ọdún 2022. Ilé iṣẹ́ tí ó bá ti mọ iye ẹrù tí ń gba okùn kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́, tí ó sì ti bá ẹlòmíràn ṣàdéhùn ọ̀nà kejì, lè yí ẹrù rẹ̀ gba ibòmíràn. Èyí tí kò mọ̀, ìgbà tí ọ̀nà bá dí ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀nà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé: ta ni ń sọ ogun náà tẹ́lẹ̀? Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni.

Kí ni ẹ̀rọ ń kọ?

Gbogbo ẹ̀rọ tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ń kọ àkọsílẹ̀ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ńlá tí ó wà ní ilé iṣẹ́ ní Cotonou ń kọ. Òpó gíga tí ó dúró lẹ́bàá títì ní Pobè tàbí ní Sakété náà ń kọ. Nígbà tí ìyá kan ní Sakété bá fi owó ránṣẹ́ láti inú fóònù rẹ̀ sí ọmọ rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ẹ̀rọ á kọ ohun mẹ́rin sílẹ̀: àkókò tí ó béèrè, ohun tí ó béèrè, bóyá ó ṣeé ṣe tàbí kò ṣeé ṣe, àti iye ìṣẹ́jú àáyá tí ó gbà.

Ẹyọ kan nínú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn bá ń fi owó ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, àkọsílẹ̀ á pọ̀ ju ohun tí ojú ènìyàn lè kà tán. Ìdí nìyí tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń lo kọ̀ǹpútà láti ka ohun tí kọ̀ǹpútà kọ. Iṣẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ dá lé lórí.

Iṣẹ́ mẹ́ta tí kíkà rẹ̀ ń ṣe

Ìkínní, ó ń fi òní wé àná. Bí fífi owó ránṣẹ́ bá sábà máa ń gba ìṣẹ́jú àáyá 3, tí ó wá di 9 láàárọ̀ yìí, kò tí ì sí ẹni tí yóò pariwo. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ka àkọsílẹ̀ ti mọ̀ pé ara ẹ̀rọ kò yá.

Ìkejì, ó ń wá gbòǹgbò ìṣòro. Bí iná kò bá tán lásọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹni tí ó kàn ń pa ẹ̀rọ tí ó sì ń tún un tàn lójoojúmọ́, ẹ̀jẹ̀ èékánná ni ó ń nù. Àkọsílẹ̀ ni yóò fi hàn pé agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀rọ náà máa ń kú, àti pé ní wákàtí kan náà gan-an ni iṣẹ́ kan tí ó wúwo máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí a bá sún iṣẹ́ yẹn di òru, ìṣòro á tán.

Ìkẹta, ó ń sọ ohun tí ń bọ̀. Kí a mú òpó kan tí ó ń lo iná SBEE ṣe àpẹẹrẹ. Bí iná bá lọ, bátìrì ni ó ń gbé e ró. Àkọsílẹ̀ fi hàn pé ní oṣù kìíní bátìrì náà gbé e fún wákàtí 4, ní oṣù kejì fún wákàtí 3, ní oṣù kẹta fún wákàtí 2. Kò sí oníbàárà tí ó tí ì rí nǹkan kan. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ka ìlà mẹ́ta yìí mọ̀ pé bátìrì náà ń kú lọ, ó sì lè pààrọ̀ rẹ̀ kí òjò ńlá tó dé. Bí kò bá kà á, ìlú ni yóò bá a jìyà rẹ̀ nígbà tí iná bá lọ lóru.

Pobè ti mọ ẹ̀kọ́ yìí tipẹ́

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Pobè. Láti ọdún 1922 ni ilé ìwádìí lórí ọ̀pẹ ti wà níbẹ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà nígbà náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àkọsílẹ̀ wà. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀pẹ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nígbà ìkórè, wọ́n á ka ìdì ẹyìn tí ó wà lórí ọ̀pẹ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀, láti ọdún dé ọdún.

Ẹni tí ó bá fi ojú lásán wo oko náà lè rò pé bákan náà ni gbogbo ọ̀pẹ rí. Ìwé àkọsílẹ̀ ni ó ń sọ èyí tí ń so dáadáa àti èyí tí ń jẹ ilẹ̀ lásán. Láti ọdún 1946, Pobè àti àwọn ilé ìwádìí mìíràn, bí La Mé ní Côte d'Ivoire àti Sibiti ní Kóńgò, bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ irúgbìn. Wọ́n fi ọ̀pẹ Deli tí ó ti ilẹ̀ Éṣíà wá kún un. Àkọsílẹ̀ fi hàn pé ọ̀pẹ Áfíríkà ń so ìdì púpọ̀ tí ó kéré, ṣùgbọ́n Deli ń so ìdì díẹ̀ tí ó tóbi. Nígbà tí wọ́n mú méjèèjì pọ̀, ọmọ wọn so ju àwọn méjèèjì lọ. Láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pẹ tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní « sélectionné » ti jáde.

Kì í ṣe ìwé nìkan ni ó mú ọ̀pẹ so. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kọ ọ́ tí wọn kò kà á, ìwé náà ì bá di oúnjẹ ikán.

Ìwé kékeré lórí tábìlì

Ohun tí ó wúlò fún ilé iṣẹ́ ńlá wúlò fún ìsọ̀ kékeré pẹ̀lú. Kí a gbé obìnrin kan yẹ̀ wò, tí ó ní ìsọ̀ MoMo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, àwọn oníbàárà kan máa ń padà láìrí iṣẹ́ wọn ṣe. Bí wọ́n bá béèrè ìdí, èsì kan ṣoṣo ni ó ní: réseau kò dára. Ó ń ronú láti ra fóònù kejì àti nọ́ńbà ilé iṣẹ́ mìíràn.

Kí ó tó ná owó náà, ó mú ìwé kékeré kan. Nígbàkúùgbà tí oníbàárà bá padà lọ́wọ́ òfo, ó kọ ìlà kan: ọjọ́, wákàtí, ohun tí ẹni náà fẹ́, àti ìdí tí kò fi ṣeé ṣe. Ní ìparí oṣù, ó ka ìlà 40. Nínú 40 yìí, réseau ni ó fa 8. Nọ́ńbà tí oníbàárà kọ ṣì ni ó fa 5. Gbogbo 27 tí ó kù, owó ọwọ́ ni ó tán: oníbàárà fẹ́ gba owó, kò sì sí owó nínú àpótí. Nínú 27 yìí, ó fẹ́rẹ̀ jẹ́ gbogbo wọn ni ó bọ́ sí àárín agogo 10 sí agogo 1, nígbà tí àwọn tí ó ta epo àti àgbàdo fẹ́ gba owó wọn.

Bí èrè rẹ̀ lórí oníbàárà kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 100 fránkì, réseau gba 800 fránkì lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àìsí owó ọwọ́ gba 2700. Fóònù kejì kò lè wo àìsàn yìí. Ohun tí yóò wò ó ni pé kí ó wá owó ọwọ́ sílẹ̀ ní àṣálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ ọjà. Àpẹẹrẹ lásán ni iye wọ̀nyí, iye ti ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò yàtọ̀. Ọ̀nà náà ni ó ṣe pàtàkì: kí a kọ, kí a kà, kí a tó ná owó.

Nọ́ńbà lè tan ni

Síbẹ̀, ó yẹ kí a ṣọ́ra fún nọ́ńbà. Bí ilé iṣẹ́ kan bá ní ẹ̀rọ òun ń ṣiṣẹ́ fún ìdá 99 nínú 100 àkókò, ó dùn ún gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n ìdá 1 tí ó kù, nínú ọdún tí ó ní ọjọ́ 365, ju ọjọ́ 3 àti ààbọ̀ lọ. Wákàtí 87 àti díẹ̀ ni. Bí wákàtí wọ̀nyẹn bá bọ́ sí òru, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní mọ̀. Bí wọ́n bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, ìlú á ké.

Bákan náà, bí òpó 98 bá ń ṣiṣẹ́ nínú òpó 100, ìròyìn á kà á sí iṣẹ́ rere. Ṣùgbọ́n bí 2 tí ó kù bá jẹ́ òpó agbègbè kan ṣoṣo, agbègbè náà ti wà nínú òkùnkùn. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́ kò gbọdọ̀ ka nọ́ńbà gbogbo orílẹ̀-èdè nìkan. Ó gbọdọ̀ ka ti Pobè lọ́tọ̀, ti Sakété lọ́tọ̀, ti wákàtí ọjà lọ́tọ̀.

Ta ni àkọsílẹ̀ wà fún?

Ilé iṣẹ́ ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Bí oníbàárà kò bá ní nǹkan kan lọ́wọ́, ẹjọ́ rẹ̀ kò ní ẹsẹ̀. Ẹni tí ó kàn wí pé réseau kì í dára rárá yóò ṣòroó ràn lọ́wọ́. Ẹni tí ó wí pé ní ọjọ́ báyìí, ní agogo báyìí, ní ibi báyìí, wọ́n yọ owó mi ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí mo fi ránṣẹ́ sí, tí ó sì fi ìwé kékeré inú fóònù tí ẹ̀rọ fi ránṣẹ́ hàn, ẹni náà ní ẹ̀rí. Àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí ó lọ bá. Bí kò bá rí ìdáhùn, ó lè kọ̀wé sí ARCEP, àjọ tí ń bójú tó iṣẹ́ fóònù àti lẹ́tà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ kejì wà pẹ̀lú. Àkọsílẹ̀ lè tú àṣírí. Ó mọ ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́, iye tí ó fi ránṣẹ́, àti ẹni tí ó gbà á. Òfin nọ́ńbà 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, tí a ń pè ní Code du numérique, ní kí a dáàbò bo irú ọ̀rọ̀ ara ẹni bẹ́ẹ̀. Àjọ tí a ń pè ní APDP ni a yàn láti ṣọ́ ọ. Ìwé inú ìsọ̀ náà kò yàtọ̀. Ẹni tí ó bá ṣí ìwé orúkọ àti nọ́ńbà oníbàárà sílẹ̀ lórí tábìlì ti fi àṣírí wọn sí ojú ọjà. Láti mọ ìdí tí iṣẹ́ fi kùnà, wákàtí àti ìdí tó. Kò sí ìdí láti kọ orúkọ.

Nígbà tí ẹ̀rọ kò tí ì dé, oníṣòwò ní ọgbọ́n inú, ó sì tó fún ọjà ìgbà náà. Ọjà òní ti gba inú okùn abẹ́ òkun, inú òpó àti inú bátìrì kọjá kí owó tó dé ọwọ́. Ibi tí ó bá ti dá dúró, àkọsílẹ̀ wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí kò bá ka tirẹ̀ yóò máa tọrọ àforíjì lójoojúmọ́. Oníṣòwò tí kò bá ka tirẹ̀ yóò máa ra oògùn fún àìsàn tí kò ṣe é. Ẹni tí ó ti kọ́ láti ka ìlà kan àti láti ro nọ́ńbà pọ̀ ti ní irinṣẹ́ tí ó pọ̀ jùlọ nínú iṣẹ́ yìí lọ́wọ́. Ìwé kékeré kan àti bírò ni ó kù.