Ẹ̀rọ Àdàkọ Ohùn: Ọkọ́ Ni Tàbí Ọkọ̀?

Iṣẹ́ olùwádìí tí ń fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ènìyàn lẹ́nu wò kì í parí lọ́jọ́ tí ó bá pa ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wákàtí kan péré a máa gba akọ̀wé tí ọwọ́ rẹ̀ yá ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà kí ó tó kọ ọ́ tán. Bí ẹ̀rọ amúnáwá bá sì ń pariwo nítòsí, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ohùn ọ̀pọ̀ àgbà tí wọ́n ti papò dà fi wà nínú kásẹ́ẹ̀tì títí di òní, láìsí ẹni tí ó tíì kọ ọ́ sínú ìwé.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ OpenAI ti Amẹ́ríkà gbé Whisper jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, inú àwọn olùwádìí dùn. Ohùn 680,000 wákàtí ni wọ́n fi kọ́ ọ, Yorùbá sì wà lára àwọn èdè tí wọ́n kà mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ó kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohùn náà. Lórí Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà di ti ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ku kí ènìyàn yẹ̀ ẹ́ wò. Ti Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀.

Bí àgbẹ̀ kan bá sọ pé òun ra ọkọ́ méjì, tí ẹ̀rọ sì kọ ọ́ láìsí àmì, “oko meji” ni olùwádìí yóò bá lórí ìwé. Ẹni tí ó ra ọkọ́ méjì ń roko. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ méjì ti di ọlọ́kọ̀ èrò. Bí ìjọba bá gbára lé irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ láti pín owó ìrànwọ́, àgbẹ̀ tí ó tọ́ sí kò ní rí i gbà.

Èyí tí ó tún burú ni pé ẹ̀rọ a máa hùmọ̀ ọ̀rọ̀. Ní ọdún 2024, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àdàkọ Whisper tí wọ́n yẹ̀ wò, lórí Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ní ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ nínú, àgàgà níbi tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ bá dákẹ́ pẹ́. Ta ni kò sì mọ bí àgbà Yorùbá ṣe ń dákẹ́ kí ó tó dáhùn?

Síbẹ̀, ẹ̀rọ wúlò bí wọ́n bá fi í sí àyè rẹ̀. Kí ó máa kọ apá tí ó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ẹni tí ó gbọ́ èdè àdúgbò máa kọ Yorùbá. Kí olùwádìí kọ orúkọ ènìyàn àti ti ìlú sílẹ̀ pẹ̀lú àmì lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó gbọ́ téèpù já lẹ́ẹ̀kan, kí ó sàmì sí ìṣẹ́jú tí ọ̀rọ̀ pàtàkì wà, kí ó tó yan èyí tí wọn yóò kọ ní kíkún. Ọ̀rọ̀ àṣírí tún wà níbẹ̀: òfin Nàìjíríà ti ọdún 2023 dáàbò bo ìsọfúnni ẹni, Whisper sì ṣeé lò lórí kọ̀ǹpútà ẹni láìfi ohùn ránṣẹ́ sí ibì kankan.

Nínú ètò ìnáwó ìwádìí, ọkọ̀ àti ilé ìtura kì í ṣàì ní àyè tiwọn. Owó àdàkọ ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, tí iṣẹ́ náà yóò sì bọ́ sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ èdè Èkìtì, tí ń fi òru tẹ ohun tí kò yé e.