Òjò Kọ́ Ló Ba Ọjà Yín Jẹ́

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa tí ẹ ń tajà lórí Instagram àti WhatsApp, ẹ yéé di ẹ̀bi ru òjò. Lọ́dọọdún ni àjọ NiMet ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde: ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró, àti iye ọjọ́ tí yóò fi sinmi lápá ọ̀dọ̀ wa nínú oṣù Kẹjọ. Ẹni tó wá kó agbòjò dé nígbà tí òjò ń palẹ̀ mọ́, tàbí tó ṣèlérí pé ẹrù yóò dé Lẹ́kí láàárín wákàtí méjì nínú oṣù Kẹfà, ẹ̀bi ta ni?

Àwọn kan ní Ọlọ́run nìkan ló mọ̀la. Òótọ́ ni. Àmọ́ bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Àwọn baba wa kò jókòó de ọ̀la láìbéèrè.

Àsọtẹ́lẹ̀ lè tàsé. Nítorí náà, ẹ máa kọ ọjọ́ tí òjò rọ̀ àti ohun tí ẹ tà lọ́jọ́ náà sílẹ̀. Bí ọdún bá yípo, ẹ ti ní àkọsílẹ̀ tiyín. Dátà tí ẹ fi ń wo TikTok lálẹ́ ọjọ́ kan ti tó gbogbo rẹ̀ ṣe.